Eré Ìje Lórí Kẹ̀kẹ́ Arọ

 Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá yín tán, ẹ sún mọ́ ibi. Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì ṣe é, ẹ gbọ́ eléyìí ná, kí ẹ sì lọ ṣe é lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ eré ìje ni mo mú wá lónìí. Kì í ṣe ti àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ sáré, bí kò ṣe ti àwọn tí ń fi apá sá a. Ṣùgbọ́n kí n tó wọ inú ìtàn, mo ní ẹjọ́ kan láti kọ́kọ́ rò fún yín, èmi fúnra mi sì ni ẹlẹ́bi níbẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní agbègbè Abúlé Ẹ̀gbá, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó máa ń pọ̀n ọ́n wá láàárọ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá pé, tí àwọn ilé mẹ́rin ti wọ aṣọ wọn, tí ìlù ń dún, mo wá ibi tí òòrùn kò sí, mo gbé ọmọ náà jókòó síbẹ̀, mo fún un ní ìwé àti pẹ́ńsùlù, mo ní kí ó máa kọ máàkì ilé kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé oore ni mo ṣe. Ó kọ ọ́ dáradára, kò ṣi ẹyọ kan. Nígbà tí eré parí, ó bi mí pé, "Sà, èwo ni tèmi?" Mo rò pé ilé tí ó wà ni ó ń bèèrè. Mo ní, "Ilé aláwọ̀ ewé ni ìwọ, ẹ sì ṣe ipò kejì." Ó mi orí, ó ní, "Rárá, sà. Eré èwo ni tèmi?"

N kò rí èsì fún un. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ohun tí ó jẹ́ kí n wá ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kiri nìyẹn.

Ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Stoke Mandeville ni orúkọ ibẹ̀. Ní ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé àwọn sójà tí ọta ìbọn yóò bà ní ọ̀pá ẹ̀yìn kò ní kéré. Wọ́n dá wọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀, wọ́n sì fi dókítà kan tí ó ń jẹ́ Ludwig Guttmann ṣe olórí rẹ̀. Júù ni ọkùnrin yìí, ilẹ̀ Jámánì ni a bí i sí, ó sì sá fún ìjọba Hitler wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1939.

Láyé ìgbà náà, ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá bàjẹ́ kì í sábà pẹ́ láyé. Wọn a tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, egbò a bo ẹ̀yìn rẹ̀, àrùn a wọ inú ìtọ̀ rẹ̀, ó di kí á gbẹ́ ilẹ̀. Guttmann kò gba èyí. Ó ní kí àwọn nọ́ọ̀sì máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán tòru, kí egbò má baà mú un. Lẹ́yìn èyí ó ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù àti ọrun pẹ̀lú ọfà fún wọn. Àwọn ènìyàn rò pé eré ọmọdé ni, ṣùgbọ́n dókítà yìí mọ ohun tí ó ń ṣe: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, apá rẹ̀ ni yóò máa gbé e kiri, apá náà sì gbọ́dọ̀ le. Ẹni tí ó bá sì ń retí ìdíje ọ̀la kò ní ráyè jókòó máa ronú ikú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1948, ọjọ́ náà gan-an tí wọ́n ṣí ìdíje Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, Guttmann kó àwọn aláìsàn 16 jọ sórí pápá ilé ìwòsàn, ọkùnrin 14 àti obìnrin 2, wọ́n jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, wọ́n sì fi ọfà díje. Ìdíje kékeré yìí ni ó dàgbà. Ní 1952 àwọn ará Netherlands wá bá wọn, ó sì di ti àgbáyé. Ní 1960 wọ́n gbé e lọ sí Róòmù, àwọn bí 400 láti orílẹ̀-èdè 23 ni wọ́n péjọ. Ìpéjọ ti Róòmù yìí ni a ń pè ní Paralímpíìkì àkọ́kọ́ lónìí. Eré ìje lórí kẹ̀kẹ́ kò tí ì sí nínú rẹ̀. Tókíò ní ọdún 1964 ni ó ti wọlé, mítà 60 péré ni wọ́n sì fún wọn láti sá.

Ẹ rí i, àwọn tí ó ṣètò eré náà kò gbàgbọ́ pé ẹni tí ó jókòó lè sáré ọ̀nà jíjìn. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bob Hall, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ní kékeré, ni ó lọ bá ọ̀gá eré máratọ́ọ̀nù ìlú Boston ní 1975. Ó ní òun fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ sá kìlómítà 42. Ọ̀gá náà ní bí ó bá lè parí rẹ̀ kí wákàtí 3 tó pé, òun yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí bí a ti ń fún àwọn yòókù. Hall sá a ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 58. Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ẹ̀yin ọmọdé yóò fẹ́ mọ bí kẹ̀kẹ́ náà ti rí. Kì í ṣe irú èyí tí a fi ń ti aláìsàn kiri ní ilé ìwòsàn, tí ó wúwo, tí ẹlòmíràn ń tì láti ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ti eré ìje ní, méjì ńlá lẹ́yìn, ọ̀kan kékeré tí a nà síwájú. Àwọn ńlá méjì náà dagun díẹ̀, orí wọn sún mọ́ ara, ìsàlẹ̀ wọn fẹjú síta, kí kẹ̀kẹ́ má baà ṣubú nígbà tí ó bá ń yí kọ́nà. Irin fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tí ń sá a kì í di kẹ̀kẹ́ mú. Ó wọ ìbọ̀wọ́ líle, ó sì ń fi ọwọ́ gbá òrùka irin tí ó wà lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sísàlẹ̀, gbà-gbà-gbà, bí ẹni ń gún iyán. Ní 2021, ọmọ Switzerland kan, Marcel Hug, sá máratọ́ọ̀nù ní ìlú Oita ní Japan ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú àáyá 47. Kelvin Kiptum ti Kenya, tí ó fi ẹsẹ̀ sá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní Chicago ní 2023 tí gbogbo ayé sì hó yèè, lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 35. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ènìyàn, a kò gbọdọ̀ fi wọ́n wé ara wọn bí ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ẹni tí ó jókòó kò lè yára, kí ó tún rò ó.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìtàn ènìyàn méjì fún yín, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ọdún kan náà ni a sì bí wọn, 1969. Ọ̀kan ní Wales, ọ̀kan ní Kenya.

Cardiff ni a bí ti àkọ́kọ́ sí. Carys Davina Grey ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kọ́kọ́ rí i, ó pè é ní ohun kékeré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ahọ́n ọmọdé sì yí i padà di Tanni. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Eegun ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé dáradára nínú oyún, nígbà tí ó sì fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Nígbà náà, ọmọ tí ó bá wà lórí kẹ̀kẹ́, ilé ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà ń fi í sí. Àwọn òbí Tanni kò gbà. Wọ́n ní orí ọmọ àwọn pé, ibi tí àwọn ọmọ yòókù ti ń kàwé ni yóò ti kà á. Wọ́n jà fún un, wọ́n sì borí.

Ní ilé ìwé, ó dán oríṣiríṣi eré wò: ó lúwẹ̀ẹ́, ó gun ẹṣin, ó ta ọfà, ó gbá bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ó gun kẹ̀kẹ́ eré ìje. Ní 1984 ó ṣojú Wales ní ìdíje àwọn ọmọdé, ó sì gba ipò kìn-ín-ní nínú mítà 100. Ó lọ sí yunifásítì Loughborough, ìlú tí eré ìdárayá ti gbilẹ̀. Ní 1988, ní Seoul, ó gba idẹ nínú mítà 400. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó padà sórí pápá. Àwọn kan ì bá ní ó ti parí. Ṣùgbọ́n ní Barcelona ní 1992, wúrà mẹ́rin ni ó kó: mítà 100, 200, 400 àti 800. Ó kó mẹ́rin mìíràn ní Sydney ní 2000. Nígbà tí ó fi parí ní Athens ní 2004, àmì ẹ̀yẹ Paralímpíìkì rẹ̀ jẹ́ 16, wúrà 11, fàdákà 4, idẹ 1. Ó tún borí nínú máratọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù nígbà mẹ́fà. Láti 2010 ó di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ fún un. Ní ọdún 2000 náà, wọ́n pè é síbi ètò ńlá kan lórí tẹlifíṣọ̀n láti gba àmì ẹ̀yẹ ipò kẹta, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣètò gbàgbé láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà dé orí pèpéle. Wúrà mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀, àtẹ̀gùn mélòó kan sì dá a dúró. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé rìn kò rí ìdíwọ́ nínú ẹsẹ̀ bí ó ti ń rí i nínú àtẹ̀gùn.

Ẹnì kejì ni Anne Wafula. Kenya ni a bí i sí, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sì mú un nígbà tí ó ti ń rìn, tí ó ń sáré kiri. Àwọn aládùúgbò kan ní ègún ni, wọ́n ní àwọn òbí rẹ̀ ló fọwọ́ fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Kenya nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Sójà ni bàbá rẹ̀. Ó kó ìdílé rẹ̀ kúrò ní abúlé náà, ó sì fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ìwé. Anne ka ìwé títí dé yunifásítì Moi, ó sì di olùkọ́ bí èmi yìí.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀nà àwọn méjèèjì ti yà. Tanni gun kẹ̀kẹ́ eré ìje ní ọmọ ọdún 13. Anne ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ti fẹ́ ọkọ, ó ti kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó jókòó sínú irú rẹ̀. Ṣé apá rẹ̀ kò le tẹ́lẹ̀ ni? Apá tí ó fi ń ti ọ̀pá ìtilẹ̀ láti kékeré! Kò rí kẹ̀kẹ́ ni, kò sì rí olùkọ́ tí yóò sọ fún un pé irú eré bẹ́ẹ̀ wà. Síbẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀, ní Athens ní 2004, ó ṣojú Kenya, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà tí yóò sáré kẹ̀kẹ́ ní Paralímpíìkì. Lẹ́yìn náà ni ó di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ń sá fún wọn. Ta ni ó lè sọ ohun tí ì bá ṣe bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 13?

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ẹnìkan lè bi mí pé, "Tíṣà, àwa ńkọ́? Ṣé kò sí ọmọ wa nínú ìtàn yìí ni?" Ó wà, ó pọ̀ pàápàá. Ọdún 1992, ní Barcelona tí Tanni ti kó wúrà mẹ́rin, ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Paralímpíìkì. Níbẹ̀ ni Ajíbọ́lá Adéoyè, tí ó ní ọwọ́ kan, ti fi ìṣẹ́jú àáyá 10.72 sá mítà 100. Ó gba wúrà, ó sì pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni nínú ìsọ̀rí rẹ̀ tó sá a yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Rio ní 2016, wúrà 8 ni àwọn ọmọ wa gbà. Mẹ́fà nínú wọn, gbígbé irin ni. Paul Kéhìndé, Bósẹ̀ Ọmọláyọ̀ àti Lucy Ejike wà lára àwọn tí ó gbé e. Ní Paris ní 2024, Fọláṣadé Olúwáfẹ́miayọ̀ gbé kílò 167, ẹnikẹ́ni nínú ìsọ̀rí rẹ̀ kò tí ì gbé tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbà dé ibi irin náà.

Mo jókòó, mo rò ó. Kí ló dé tí àwọn ọmọ wa fi ń gbé irin tó bẹ́ẹ̀, tí a kò sì gbọ́ orúkọ wọn púpọ̀ nínú eré ìje kẹ̀kẹ́? Apá tí ó lè gbé kílò 167 sókè, ṣé kò lè ti kẹ̀kẹ́ ni? Èsì tí mo rí nìyí. Pákó ìdùbúlẹ̀ kan àti irin kan, ogún ènìyàn lè máa lò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín yàrá kan, kò sì ní bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ eré ìje, bí aṣọ tí télọ̀ dá ni: ara ẹnìkan ṣoṣo ni a wọ̀n ọ́n mọ́, òkè òkun ni a ti ń rà á, owó ọkọ̀ àlòkù sì lè wọ inú rẹ̀. Bí a bá sì rà á, ọ̀nà wo ni yóò gbà? Ọmọ náà kò lè fi ṣe ìdánrawò lójú títì Agége, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì pàápàá ti ń fi ẹ̀mí wewu. Nítorí náà ni àwọn akàndá ilẹ̀ wa ṣe gba ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, wọ́n sì gba ibẹ̀ dé òkè pátápátá.

Síbẹ̀, àwọn tí ó gbìyànjú wà. Hannah Babalọlá, ọmọ Nàìjíríà, ti fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje káàkiri àwọn ìlú Amẹ́ríkà. Raphael Botsyo Nkegbe ti Ghana sá a dé Lọ́ńdọ̀nù ní 2012. Ní gúúsù Áfíríkà, Ernst van Dyk borí nínú máratọ́ọ̀nù Boston nígbà mẹ́wàá. Ilẹ̀ Áfíríkà kò ṣe aláìní apá.

Òfin pẹ̀lú ti wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011 láti dáàbò bo àwọn akàndá. Ti ìjọba àpapọ̀ di òfin ní oṣù Kìn-ín-ní 2019; ó fún àwọn ilé ìjọba àti ti gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Ẹ̀yin ará Abúlé Ẹ̀gbá, Ìjàyè, Mẹ́ìrán àti Agége, bí ẹ bá jáde lọ́la, ẹ wo ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé ìfowópamọ́ àti afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà ládùúgbò yín. Ẹ ka iye àtẹ̀gùn tí ó wà níbẹ̀. Kí ẹ sì wò ó bóyá ọ̀nà mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún ẹ̀yin òbí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ìṣẹ̀dá ti tán ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà ni ó sì kẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹ̀kán omi oògùn tí a ń kán sẹ́nu ọmọ ni ó ṣe é. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sú yín. Ṣùgbọ́n bí àrùn yìí ti lọ, akàndá kò ní tán láyé. Ọkọ̀ ń gbá ènìyàn, àìsàn mìíràn ń bẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò kọjá ilé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, yín ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. A kò ní owó kẹ̀kẹ́ eré ìje, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Flora Ugwunwa jókòó sórí àga ju ọ̀kọ̀ ní Rio, ó sì gbé wúrà wálé. Àga tí a so mọ́lẹ̀ dáradára kí ó má yẹ̀, kò sí ilé ìwé tí kò lè rí i. Bọ́ọ̀lù jíjù láti orí ìjókòó kò ná wa ní nǹkan. Bí ọmọ kan bá sì ní kẹ̀kẹ́ tí ó fi ń wá sí ilé ìwé, a lè wọn mítà 50 lórí sìmẹ́ńtì tí ó tẹ́jú, kí á fi ẹfun fa ìlà sí i, kí á fọn fèrè fún un bí a ti ń fọn ọ́n fún àwọn yòókù. Bí òun nìkan ni yóò sá a ní ọdún yìí, kí òun nìkan sá a, kí á sì wo aago. Ní ọdún tí ń bọ̀, yóò bá ara rẹ̀ díje. Kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ètò ọjọ́ náà kí àwọn òbí tó dé, kí ó má jẹ́ ohun àánú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.

Ọmọ tí mo sọ nípa rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ti dàgbà nísinsìnyí, n kò sì mọ ibi tí ó wà. Bí ó bá ń gbọ́ mi, mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ dára ju ìwé máàkì tí mo fún un lọ. Àwọn eré tí ó jẹ́ tirẹ̀ wà lọ́jọ́ náà. Èmi olùkọ́ rẹ̀ ni n kò mọ̀ ọ́n.